Khadijah Ọmọ Khuwaylid: Oníṣòwò Mẹ́kà tí Owó Rẹ̀ Gbé Ẹ̀sìn Ró

Bóyá ni ẹ ó rí àdúgbò Mùsùlùmí kan nílẹ̀ Yorùbá tí kò ní Kadijat. Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, àáfà á pe orúkọ náà, gbogbo ilé á sì ṣe àmín. Ẹni tí a fi ń sọ àwọn ọmọ wọ̀nyí lórúkọ ni Khadijah ọmọ Khuwaylid (kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i), ìyàwó àkọ́kọ́ tí Ànábì Muhammad (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) fẹ́, òun náà sì ni ẹni àkọ́kọ́ tó gba Ànábì gbọ́. Èyí ni ọ̀pọ̀ nínú wa mọ̀. Ohun tí a kì í sábà jókòó sọ ni pé kí ó tó di ìyá àwọn onígbàgbọ́ òdodo, oníṣòwò ńlá ni. Ó ní owó tirẹ̀, ó ń gba ọkùnrin síṣẹ́, òun fúnra rẹ̀ ló sì ń pinnu ohun tí owó náà máa ṣe.

Ẹ jẹ́ ká tẹ̀lé owó yìí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, nítorí ó ní ohun tó ń sọ fún ọkọ, fún aya, àti fún ọmọbìnrin tó ń dàgbà nínú ilé wa.

Ìlú tó ń jẹun nínú òwò

Àárín òkè olókùúta ni Mẹ́kà wà. Òjò kì í fi bẹ́ẹ̀ rọ̀ níbẹ̀, ilẹ̀ rẹ̀ kò sì ṣeé dáko. Ohun méjì ló gbé ìlú náà ró: ilé Kaaba tí àwọn Lárúbáwá ń wá bẹ̀wò, àti òwò. Ẹ̀yà Kùráyíṣì ló ni ìlú, ìrìn àjò ńlá méjì ni wọ́n sì máa ń rìn lọ́dún. Nígbà òtútù, wọ́n á kọrí sí Yẹ́mẹ̀n. Nígbà ooru, wọ́n á gba ọ̀nà Ṣáàmù, níbi tí Síríà àti àwọn ìlú tó yí i ká wà lónìí. Ọlọ́hun Ọba dárúkọ ìrìn àjò méjèèjì yìí nínú Sūratu Quraysh, ìyẹn Sūra 106.

Awọ, tùràrí, lọ́fínńdà, aṣọ, àlìkámà àti òróró wà lára ohun tí ràkúnmí wọn ń rù lọ rù bọ̀. Láti Mẹ́kà dé Ṣáàmù, ó tó nǹkan bí oṣù kan gbáko ní lílọ nìkan, nínú aṣálẹ̀ tí òùngbẹ ń pa èèyàn, tí ọlọ́ṣà sì ń ba lọ́nà. Ẹni tó bá kó ọjà sọ́nà kò ní gbúròó rẹ̀ mọ́ títí tí àwọn ràkúnmí á fi padà yọ lókèèrè. Irú òwò yìí gba ojú owó tó pọ̀ àti àyà tó le.

Inú irú ìlú yìí ni wọ́n bí Khadijah sí. Bàbá rẹ̀, Khuwaylid ọmọ Asad, jẹ́ oníṣòwò àti ẹni iyì nínú ìdílé Banu Asad. Fatimah ọmọ Za'idah ni ìyá rẹ̀. Ìran bàbá rẹ̀ àti ìran Ànábì pàdé lọ́dọ̀ Qusayy, bàbá ńlá wọn. Ó ti fẹ́ ọkọ méjì rí, Abu Halah àti Atiq ọmọ A'idh, ó sì ti bímọ. Nígbà tí ìròyìn òwò rẹ̀ fi gbilẹ̀, kò sí lọ́dọ̀ ọkọ mọ́. Àwọn ọlọ́lá Kùráyíṣì ń wá a láti fẹ́, kò sì gbà fún wọn.

Ẹ rántí ìgbà tí à ń sọ o. Ìgbà àìmọ̀kan ni. Àwọn ẹ̀yà kan ń ri ọmọbìnrin mọ́lẹ̀ láàyè. Ní ọ̀pọ̀ ibi, obìnrin kì í jogún. Wọ́n tilẹ̀ máa ń jogún opó mọ́ ẹrù òkú. Láàárín irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀ ni Khadijah ti ní orúkọ rere, tí wọ́n ń pè é ní at-Tahirah, ẹni mímọ́. Ọjà kò ba ìwà rẹ̀ jẹ́, owó kò sì sọ ọ́ di ẹlẹ́yà.

Bí òwò rẹ̀ ṣe ń lọ

Khadijah kì í bá ràkúnmí rìn lọ sí Ṣáàmù. Ohun tó ń ṣe ni pé á gbé owó àti ọjà kalẹ̀, á wá ọkùnrin tó lè rin ìrìn àjò náà, wọ́n á sì jọ ṣe àdéhùn. Irú àdéhùn yìí ni àwọn onímọ̀ ẹ̀sìn ń pè ní mudarabah, àwọn mìíràn ń pè é ní qirad. Ẹnì kan mú owó wá, ẹnì kejì mú agbára àti ọgbọ́n ọjà wá. Bí èrè bá wọlé, wọ́n á pín in bí wọ́n ṣe jọ fẹnu kò sí láti ìbẹ̀rẹ̀, ì báà jẹ́ ìdajì sí ìdajì tàbí ìdá kan nínú mẹ́ta. Bí àdánù bá dé, tí kì í ṣe pé ẹni tó gbé ọjà lọ ṣe màgòmágó tàbí àìbìkítà, olówó ló máa fara gba àdánù owó, ẹni tó ṣiṣẹ́ á sì pàdánù làálàá rẹ̀.

Ẹ fi wé owó èlé, tó gbilẹ̀ ní Mẹ́kà nígbà náà. Ẹni tó yá èèyàn lówó èlé kò fẹ́ mọ̀ bóyá ọlọ́ṣà kó ọjà lọ́nà tàbí ràkúnmí kú sí aṣálẹ̀. Gbèsè ni gbèsè, á sì máa gorí ara wọn. Nígbà tí Islam dé, ó sọ owó èlé di èèwọ̀, ó sì fi mudarabah sílẹ̀ bó ṣe wà. Irú òwò tí Khadijah ń ṣe ṣáájú wáhàyì wà lára ohun tí ẹ̀sìn fọwọ́ sí.

Ṣùgbọ́n òwò yìí ní ibi tó ti lè yọ ènìyàn lẹ́sẹ̀. Olówó wà ní Mẹ́kà, owó rẹ̀ wà lọ́nà jíjìn réré. Kò sí fóònù, kò sí báńkì. Bí ẹni tó gbé ọjà lọ bá padà wá sọ pé ọjà kò tà, báwo ni olówó ṣe fẹ́ mọ̀? Gbogbo òwò náà dúró lórí amānah, ìyẹn ìfọkàntán. Ìdí nìyí tí ìwà ẹni tí Khadijah ń fi ọjà rán fi ṣe pàtàkì lójú rẹ̀.

Ẹni tí ìlú ń pè ní al-Amin

Ní nǹkan bí ọdún 595, ọ̀dọ́kùnrin ọmọ ọdún 25 kan wà ní Mẹ́kà tí gbogbo ìlú ń pè ní al-Amin, ẹni ìfọkàntán. Ọmọ òrukàn ni. Ọ̀dọ̀ Abu Talib, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, ló dàgbà sí, Abu Talib kò sì lówó lọ́wọ́. Muhammad (SAW) ti da ẹran rí, ó sì ti mọ ọ̀nà ọjà, ṣùgbọ́n kò ní owó tí ó lè fi dá òwò sílẹ̀.

Nígbà tí ìròyìn òtítọ́ rẹ̀ dé etí Khadijah, ó ránṣẹ́ sí i pé kí ó bá òun kó ọjà lọ sí Ṣáàmù, òun á sì fún un ju ohun tí òun ń fún àwọn yòókù lọ. Ó gbà. Khadijah fi Maysarah, ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀ ọkùnrin, tẹ̀ lé e. Ẹ ṣàkíyèsí èyí: ó yan ènìyàn nítorí ìwà, ó fún un ní owó tó tọ́ sí ìwà bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ ẹlòmíràn tún wà nínú ìrìn àjò náà tó máa fojú rí ohun gbogbo. Ìfọkàntán kò ní kí ènìyàn má fi ojú sí ohun ìní rẹ̀.

Wọ́n dé ìlú Busra ní ilẹ̀ Ṣáàmù. Muhammad ta ohun tó kó lọ, ó fi owó rẹ̀ ra ọjà mìíràn, wọ́n sì padà. Nígbà tí Khadijah ta ọjà tó kó bọ̀ ní Mẹ́kà, èrè rẹ̀ di ìlọ́po méjì tàbí kí ó sún mọ́ ọn. Maysarah náà ròyìn gbogbo ohun tó rí lára ọ̀dọ́kùnrin yìí: òtítọ́ rẹ̀, ìwà pẹ̀lẹ́ rẹ̀, bí ó ṣe ń tà àti bí ó ṣe ń rà.

Yìgì

Khadijah ti rí ọlọ́rọ̀ tó kọnu ìfẹ́ sí i, kò gbà. Ìwà ọkùnrin yìí ló wù ú. Ó ní ọ̀rẹ́ kan tó ń jẹ́ Nafisah ọmọ Munyah, òun ló ṣe alárinà. Nafisah bi Muhammad (SAW) léèrè ohun tó ń dá a dúró láti gbéyàwó. Ó dáhùn pé kò sí owó lọ́wọ́ òun. Nafisah wá dárúkọ Khadijah fún un, inú rẹ̀ sì dùn sí i. Àwọn ẹbí ìhà méjèèjì jókòó pọ̀, àwọn àbúrò àti ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ló ṣáájú fún un, Amr ọmọ Asad, tó jẹ́ ọmọ ìyá bàbá Khadijah, sì dúró fún ìyàwó. Ìtàn tó gbajúmọ̀ jù sọ pé ẹni ogójì ọdún ni Khadijah. Àwọn onítàn kan sọ pé ọmọ ọdún 28 ni.

Ibn Hisham kọ ọ́ sílẹ̀ pé ràkúnmí 20 ni sọ̀dáàkì rẹ̀. Ìyàwó lówó ju ọkọ lọ, gbogbo ìlú ló mọ̀, síbẹ̀ ọkọ san sọ̀dáàkì. Ọrọ̀ obìnrin kò pa ojúṣe ọkọ rẹ́.

Ọdún bí 25 ni wọ́n fi jọ gbé, Ànábì kò sì fẹ́ ìyàwó mìíràn lé e títí tó fi kú. Ó bí al-Qasim, Abdullah, Zaynab, Ruqayyah, Umm Kulthum àti Fatimah fún un. Àwọn ọkùnrin méjèèjì kú ní kékeré.

Owó náà dé inú ilé

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an rèé. Kí ni ìṣe owó Khadijah lẹ́yìn tó di aya? Owó náà kò di ti ọkọ nítorí pé a so yìgì. Ohun tí a rí nínú ìtàn ni pé Khadijah ń fún ọkọ rẹ̀, ó ń fún un tìfẹ́tìfẹ́, ọkọ rẹ̀ sì ń mọ rírì rẹ̀.

Hakim ọmọ Hizam, ọmọ arákùnrin rẹ̀, ra ọmọdé ẹrú kan tó ń jẹ́ Zayd ọmọ Harithah, ó sì fún Khadijah. Khadijah fi Zayd ta ọkọ rẹ̀ lọ́rẹ, Ànábì sì dá a sílẹ̀ lómìnira. Nígbà tí Halimah, obìnrin tó fún Ànábì lọ́mú ní kékeré, wá láti oko tí ọ̀dá ti pa ẹran wọn, Khadijah fún un ní 40 àgùntàn àti ràkúnmí kan. Nígbà tí ìyàn mú ní Mẹ́kà tí ẹrù ọmọ wọ Abu Talib lọ́rùn, ilé Khadijah ni Ànábì mú Ali wá láti tọ́. Nínú Sūratud-Duha, Ọlọ́hun rán Ànábì létí pé Òun bá a ní aláìní, Òun sì rọ̀ ọ́ lọ́rọ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn tó túmọ̀ Kùránì ló dárúkọ owó Khadijah nídìí áyà yìí.

Lẹ́yìn ikú rẹ̀, ní Mẹ̀dínà, ni Sūratun-Nisa sọ̀kalẹ̀. Áyà 4 ní kí wọ́n fún obìnrin ní sọ̀dáàkì rẹ̀, kí ọkọ má sì jẹ nínú rẹ̀ àyàfi èyí tí obìnrin bá fi inú dídùn yọ̀ǹda. Áyà 7 fún un ní ìpín nínú ogún. Áyà 32 sọ pé ohun tí ọkùnrin ṣiṣẹ́ fún jẹ́ tirẹ̀, ohun tí obìnrin ṣiṣẹ́ fún jẹ́ tirẹ̀. Ilé Khadijah ti ń lo òfin yìí kí ó tó di ohun tí a kọ sílẹ̀.

Ọjọ́ tí wáhàyì dé

Ànábì a máa lọ dá wà nínú ihò Hira. Bí oúnjẹ bá tán, ọ̀dọ̀ Khadijah ló ń padà sí láti gba òmíràn. Ní Ramadan ọdún 610, Jibril wá bá a níbẹ̀. Ó padà délé pẹ̀lú ìgbọ̀nrìrì, ó ní kí wọ́n fi aṣọ bo òun.

Khadijah kò sá, kò sì pariwo. Ó fi ohun tó ti mọ̀ nípa ọkọ rẹ̀ fún ọdún 15 gbé e dìde: pé ó ń da ẹbí pọ̀, ó ń ru ẹrù aláìlágbára, ó ń ran aláìní lọ́wọ́, ó ń ṣe àlejò dáadáa, nítorí náà Ọlọ́hun kò ní dójú tì í. Ìwà tó tìtorí rẹ̀ fi ọjà rán an ló tún fi ṣe ẹ̀rí. Lẹ́yìn náà ó mú un lọ bá Waraqah ọmọ Nawfal, ìbátan rẹ̀ tó mọ ìwé àtijọ́, ẹni tó fi yé wọn pé málékà tó wá bá Ànábì Musa ni. Khadijah gbàgbọ́ lójú ẹsẹ̀.

Nígbà tí wọ́n ti ọjà pa mọ́ wọn

Ní ọdún keje tí wáhàyì dé, àwọn àgbà Kùráyíṣì kọ ìwé kan, wọ́n fi kọ́ sínú Kaaba. Ìwé náà ní kí ẹnikẹ́ni má ra, kí ẹnikẹ́ni má tà fún Banu Hashim àti Banu al-Muttalib, kí wọ́n má sì fẹ́ wọn. Nǹkan bí ọdún mẹ́ta ni wọ́n fi há wọn mọ́ àfonífojì Abu Talib. Ebi pa wọ́n débi tí wọ́n fi ń jẹ ewé igi, ẹkún àwọn ọmọdé sì ń dé etí àwọn ará ìlú.

Ọmọ Banu Asad ni Khadijah, ìwé náà kò dárúkọ ìdílé bàbá rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó bá ọkọ rẹ̀ wọ àfonífojì náà. Obìnrin tó ti ń rán ràkúnmí lọ sí Ṣáàmù kò rí ẹni ta oúnjẹ fún un mọ́ ní ìlú tí wọ́n bí i sí. Hakim, ọmọ arákùnrin rẹ̀ ọjọ́sí, ń gbé àlìkámà bọ̀ fún un ní àkókò kan nígbà tí Abu Jahl dá a dúró lọ́nà. Ìjà bẹ́ sílẹ̀, Abul-Bakhtari ló gbèjà Hakim.

Nígbẹ̀yìn, àwọn èèyàn kan nínú Kùráyíṣì fúnra wọn sọ pé ìwà ìkà ni. Nígbà tí wọ́n máa wo ìwé náà, kòkòrò ti jẹ ẹ́, orúkọ Ọlọ́hun nìkan ló kù níbẹ̀.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà, ní ọdún 619, Abu Talib kú, Khadijah náà sì kú nínú oṣù Ramadan. Wọn kò tíì ṣe ìrun òkú lófin nígbà náà. Ànábì fúnra rẹ̀ wọ inú sàréè rẹ̀ ní Hajun, itẹ́ òkú Mẹ́kà. Ọdún ìbànújẹ́ ni ìtàn ń pe ọdún náà.

Ẹ̀gbà ọrùn kan

Ní Mẹ̀dínà, bí Ànábì bá pa àgùntàn, á fi ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀rẹ́ Khadijah, débi pé Aisha ń jowú obìnrin tí kò sí láyé mọ́. Ànábì fi yé e pé Khadijah gba òun gbọ́ nígbà tí àwọn èèyàn kọ̀, ó sì fi owó rẹ̀ dúró ti òun nígbà tí àwọn èèyàn fi tiwọn dù òun.

Lẹ́yìn ogun Badr, ní ọdún 624, àwọn ará Mẹ́kà ń fi owó ra àwọn èèyàn wọn tó wà nígbèkùn. Abul-As, ọkọ Zaynab ọmọ Ànábì, wà lára wọn. Zaynab fi ẹ̀gbà ọrùn kan ránṣẹ́ láti fi rà á. Ẹ̀gbà tí Khadijah fún un nígbà ìgbéyàwó rẹ̀ ni. Nígbà tí Ànábì rí i, ọkàn rẹ̀ gbọgbẹ́. Olórí ni, ó lè pàṣẹ. Ṣùgbọ́n ó bi àwọn sahabe léèrè bí wọ́n bá lè yọ̀ǹda kí wọ́n tú ọkùnrin náà sílẹ̀, kí wọ́n sì dá ohun ìní Zaynab padà fún un. Wọ́n gbà. Kó tó fọwọ́ kan ohun tó jẹ́ ẹ̀tọ́ ẹlòmíràn, ó tọrọ.

Ohun tó kàn wá nínú rẹ̀

Ẹ̀yin ọkọ, ọ̀pọ̀ ìyàwó wa ló ń nájà, tó ń ránṣọ, tó ń kọ́mọ níwèé, tó ń ṣiṣẹ́ nílé ìwòsàn. Òmíràn ni ó ti pàdánù ojú owó rẹ̀ nítorí ọkọ kó o láìbèèrè, tó ní ọkọ ni olórí aya. Olórí ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n Sūratun-Nisa áyà 34 so ipò yẹn mọ́ ìnáwó ọkọ lórí ilé rẹ̀. Oúnjẹ, aṣọ àti ilé ṣì wà lọ́rùn ọkọ, bí aya tilẹ̀ lówó jù ú lọ. Bí ẹ bá yá owó ìyàwó, gbèsè ni, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bí Sūratul-Baqarah áyà 282 ṣe wí, kí ẹ sì san án.

Ẹ̀yin ìyá, bí ẹ bá fi tinútinú gbọ́ bùkátà, ẹ mọ̀ pé kò lọ lásán. Zaynab, ìyàwó Abdullah ọmọ Mas'ud, bèèrè bóyá sàárà ni ohun tí òun bá ná fún ọkọ òun tí kò lówó àti àwọn ọmọ òrukàn tó wà lọ́dọ̀ òun. Ìdáhùn Ànábì ni pé ẹ̀san méjì ni ti irú ẹni bẹ́ẹ̀: ẹ̀san okùn ẹbí àti ẹ̀san sàárà. Ká ní owó ọkọ ni, kì bá tí di sàárà.

Ẹ̀yin ọmọbìnrin, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé òwò kò yẹ obìnrin Mùsùlùmí, ẹ rán an létí ẹni tí wọ́n fi sọ yín lórúkọ. Kí ẹ sì bá a dé òpin: kí òwò jẹ́ halali, kí ẹ sá fún owó èlé, kí ẹ yẹ ìwà ẹni wò kí ẹ tó kó ọjà fún un, kí ẹ sì rí i pé owó kò ba ìtìjú yín jẹ́.

Kí Ọlọ́hun kẹ́ ìyá wa Khadijah, kí Ó sì tẹ́ ẹ sí ilé tí Jibril fi ró ìró ayọ̀ rẹ̀ fún un ní alùjánnà. Kí Ó fi bàríkà sí ọwọ́ àwọn ìyá wa lọ́jà, kí Ó sì fún àwa ọkùnrin ní ọkàn tí kò ní jẹ ohun tí kì í ṣe tiwa. Àmín.